Díákónì Kọ Oúnjẹ

Ìgbín mẹ́ta tí Islamiat gé sínú omi láàárọ̀ àná ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti wú, wọ́n ti funfun. Díákónì kò fi ẹnu kàn wọ́n.

Ajíbóyè bẹ̀rẹ̀ níwájú àpótí onígíláàsì náà, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ẹja náà na gbalaja sí ìsàlẹ̀ omi, ó gùn bí apá èèyàn. Ohun méjì tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn tó fi ń rìn rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹja tí ojú ń rí lójoojúmọ́. Ẹja tó ń mí bí èèyàn ni. Àwọn Hausa tó ń ta ẹja ní Sábó ń pè é ní gáíwà. Bó bá pẹ́ díẹ̀, á gòkè wá, á gbé ẹnu sókè, á mí kanlẹ̀, á tún padà sísàlẹ̀. Bó ṣe ń gbé ẹnu sókè yẹn ló jẹ́ kí Tẹjúmọ́lá, ìyàwó Ajíbóyè, sọ ọ́ ní Díákónì. Ó ní ó jọ díákónì ìjọ àwọn nígbà tó bá fẹ́ gbàdúrà ìparí.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí ẹja náà ti wà nínú pálọ̀ yìí ní Bódìjà. Ilé ìwé tí Tẹjúmọ́lá ti ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì ló ti gbé e wá. Kò ju pẹ́ńsùlù lọ nígbà náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá tí wọ́n ti sin Tẹjúmọ́lá. Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, kò sọ̀rọ̀ ilé, kò sọ̀rọ̀ aṣọ. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá Ìrẹ̀mídé, ẹ má jẹ́ kí Díákónì kú o." Ajíbóyè ní òun gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọ́n jọ sọ nìyẹn.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Ajíbóyè fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó bá ń kú lọ láìní ọgbẹ́ lára, ibi tó ti ń jẹun ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ó fi ìka kan ojú omi. Ohun pupa kan tín-ín-rín lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbóòórùn rẹ̀. Òróró ni, ata sì wà nínú rẹ̀.

"Islamiat!"

"Sà!"

Ọmọbìnrin náà sáré jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ará Ìṣẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin ló ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Tẹjúmọ́lá fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọ kó lè tún ìdánwò ṣe.

"Ọjọ́ mélòó ló ti kọ oúnjẹ báyìí?"

"Òní ló pé ọjọ́ kẹsàn-án, Dádì. Láti ìgbà tí àwọn tó wá kí wa ti lọ tán."

"Kí lo ń fún un?"

"Ìgbín tí Mọ́mì máa ń fún un náà ni, sà. Mo tún gbìyànjú edé. Kò tiẹ̀ wò ó."

"Ta ló da òróró sínú omi?"

"Òróró kẹ̀, sà?"

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè."

"Mi ò mọ̀, sà. Ọlọ́run ń gbọ́ mi."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹja tó bá ti kọ oúnjẹ, ata àti efinrin ló ń bẹ̀ yẹn," ẹnì kan sọ láti orí àga. "Ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn."

Oyèkànmí ni, àbúrò Tẹjúmọ́lá. Àdúgbò Challenge ló ń gbé. Gbogbo Jímọ́ ló máa ń wá kí ìyá rẹ̀, á sùn di ọjọ́ kejì, á sì máa lọ.

"Pa ẹnu ẹ dé," ni Màmá wí. "Ẹja ọmọ mi lò ń sọ bẹ́ẹ̀ sí."

Màmá jókòó sórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ẹja, níbi tí wọ́n ti máa ń jẹun. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n, ìyá Tẹjúmọ́lá, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fi etí ìborùn wọn bo ẹnu. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n ti ń bo ẹnu bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Ẹni tí ọmọ kú fún, kí lèèyàn fẹ́ bi í?

"Bóyá ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é," ni wọ́n tún wí, wọn kò wo ẹnikẹ́ni.

Islamiat ti gbé oúnjẹ alẹ́ wọn kalẹ̀: ọkà díẹ̀, ọbẹ̀, àti ẹran ewúrẹ́ ńlá kan tó ní eegun. Ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò, ti Màmá ni. Òfin tí Tẹjúmọ́lá ṣe nìyẹn látọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, Islamiat kò sì yí i padà. Oyèkànmí gbé ẹ̀pà sísun fún ìyá rẹ̀. "Ẹ̀pà tẹ́ ẹ fẹ́ràn nì, Màmá." Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé e lé itan. Ibẹ̀ náà ló wà.

Ajíbóyè ń wo Islamiat.

"Lọ gbé báàgì ẹ wá."

"Báàgì mi, sà?"

"O gbọ́ mi."

Ó gbé e wá. Ajíbóyè tú u sílẹ̀ pátá sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìró méjì. Híjáàbù kan. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ìwé ìdánwò tí etí rẹ̀ ti ká. Fọ́tò Tẹjúmọ́lá kan, ó dojú bolẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, oògùn eku nínú ọ̀rá.

Oyèkànmí súfèé. "Há!"

"Eku tó ń jẹ gààrí wa ni mo rà á fún, sà," Islamiat sọ. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bo àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Mo fi pamọ́ síbẹ̀ kí Màmá má bàa ṣèèṣì fọwọ́ kàn án ni."

"Òróró ata lójú omi. Oògùn eku nínú báàgì. Ta ló ń dé ìdí ẹja yìí lẹ́yìn rẹ?"

Islamiat la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wo Màmá. Ó wo Oyèkànmí. Ó pa ẹnu dé.

Ajíbóyè mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀daràn ló ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohùn ọ́fíìsì àtijọ́ ló fi dá a lóhùn.

"Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí o máa lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ."

Kò sunkún. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò náà ló mú kẹ́yìn, ó fi ọwọ́ nù ún.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ajíbóyè bu omi ẹja sínú ife kan. Ó lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé, ó fi ṣíbí gbọ́n tanwíjí bíi mẹ́wàá sínú rẹ̀. Ohun tí oògùn eku bá wà nínú rẹ̀, tanwíjí kò ní ní ẹ̀mí nínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ̀rí ló fẹ́ fi dì í mú dáadáa.

Nígbà tó jí láàárọ̀ Sátidé, Islamiat ti lọ. Ó ti gbálẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná wà lórí tábìlì.

Ajíbóyè gbé ife náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Tanwíjí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń yí gbirigbiri.

Ó jókòó. Kò sí májèlé nínú omi náà. Ìdánwò tó yẹ kó ṣe kó tó ṣí báàgì ọmọlọ́mọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣe é. Bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, á ní kó dúró sóòrùn.

Ó mú okùn rọ́bà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ àpótí náà jáde sínú garawa. Iṣẹ́ Islamiat ni, gbogbo ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí garawa kún dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ìgbẹ́ ẹja ni. Ó pọ̀. Ó tutù yọ̀yọ̀.

Ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí ló ń yà?

Ó fi igi ro ìdọ̀tí náà. Eegun ìhà ewúrẹ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀, kéékèèké, wọ́n mọ́ fín-ínfín-ín.

Díákónì kò ṣàìsàn. Díákónì yó.

"Oyèkànmí!"

Àna rẹ̀ jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu.

"Ìgbà wo lo dé ilé yìí kẹ́yìn, kó tó di àná?"

"Jímọ́ tó kọjá, Bọ̀ọ̀dá. Ṣé èmi náà ti di ọ̀daràn ni?"

"Ṣé o fún ẹja yìí ní ẹran?"

"Èmi!" Oyèkànmí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹran ewúrẹ́? Ẹja tí mò ń wá bí màá ṣe jẹ? Bí mo bá rí eegun, kí ni màá gbé e fún ẹja ṣe? Ṣé ẹnu tèmi ò lè fọ́ ọ ni?"

Ajíbóyè kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti dúró sí i lọ́kàn bí egungun ẹja ṣe ń dúró lọ́nà ọ̀fun.

Ẹnu ta ni kò lè fọ́ ọ?

Ó wo àga Màmá. Ẹ̀pà àná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ó kún bí wọ́n ṣe rà á. Ó rántí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ni àwọn ará ìjọ ń gbé wá nígbà náà, Díákónì sì ń jẹ ìgbín tirẹ̀. Ọjọ́ tí àlejò lọ tán, tí Islamiat bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹran ńlá fún Màmá, ọjọ́ náà ni Díákónì kọ oúnjẹ.

"Kò sí búrẹ́dì nílé," ló sọ fún Oyèkànmí. "Lọ bá wa rà á ní ọjà Bódìjà."

"Búrẹ́dì tó wà ní ìta ńkọ́?"

"Ọjà Bódìjà ni mo wí."

Ó dúró títí ó fi gbọ́ ìró géètì. Lẹ́yìn náà ló lọ kan ilẹ̀kùn Màmá.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ìrẹ̀mídé." Ìborùn ti bo ẹnu wọn kó tó wọlé. "Ṣé ọmọ yẹn ti lọ?"

"Ó ti lọ, Mà."

Màmá tẹ orí ba.

Abọ́ funfun kékeré kan tó ní ìdérí wà lójú fèrèsé. Tẹjúmọ́lá ló rà á. Láti ọdún mẹ́ta ni Màmá ti ń bu omi sínú rẹ̀ ní alaalẹ́, wọ́n á yọ eyín tí dókítà ṣe fún wọn, wọ́n á rẹ ẹ́ síbẹ̀. Ajíbóyè ṣí i. Ó gbẹ. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló wà nínú rẹ̀.

"Màmá, eyín yín dà?"

Wọ́n di etí ìborùn wọn mú. Ajíbóyè kàn dúró dè wọ́n. Níbi iṣẹ́, ìdákẹ́jẹ́ ni irinṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lò jù. Lónìí ó tì í lójú pé òun ń lò ó fún ìyá ìyàwó òun.

"Ẹ ti mọ̀," ni Màmá wí níkẹyìn.

"Mo mọ díẹ̀. Ẹran tí wọ́n ń bù fún yín, Díákónì ló ń jẹ ẹ́."

"Mo máa ń lá ata ara rẹ̀ tán kí n tó jù ú sí i. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ti ń gòkè wá mí. Á kàn ya ẹnu." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé á yó débi tí kò ní jẹ tirẹ̀ mọ́. Mo rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀ bá ọmọ mi ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dá ẹran náà padà, Mà?"

"Kí n dá ẹran àgbà padà? Ẹ ó ní kí ló dé. Ẹ ó ní ṣé ọbẹ̀ ò dùn ni. Ẹ ó ní kí n la ẹnu kẹ́ ẹ wò ó. Lẹ́yìn náà ẹ ó bi mí pé eyín dà."

"Níbo ló wà?"

Màmá yí ojú sí fèrèsé.

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó rà á fún mi."

Ajíbóyè kò kọ́kọ́ lóye. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ bọ́ sábẹ́ ibùsùn. Sálúbàtà Màmá wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá. Erùpẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn. Kò sí erùpẹ̀ pupa nínú ọgbà ilé yìí, sìmẹ́ńtì ni gbogbo rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo ni bàtà òun fúnra rẹ̀ ti tẹ irú erùpẹ̀ yẹn láti oṣù yìí.

Òbí kì í wo sàréè ọmọ. Láti ayébáyé ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ ìsìnkú, ẹnu ọ̀nà yàrá yìí gan-an ni Ajíbóyè dúró sí, tó na ọwọ́ dí ìyá arúgbó yìí lọ́nà. "Èèwọ̀ ni, Màmá. Ẹ ò ní débẹ̀." Ohùn ọ́fíìsì náà ló lò. Ó fi obìnrin ìjọ kan ṣọ́ wọn.

"Obìnrin yẹn sùn lọ," Màmá ń sọ fún fèrèsé. "Mo wọ aṣọ àlejò kan, mo bo orí. Mo dá mọ́tò dúró lẹ́nu géètì, mo ní kó máa tẹ̀ lé àwọn tó wọ dúdú. Ẹ̀yìn ni mo dúró sí. Ẹ ò rí mi. Nígbà tẹ́ ẹ lọ sídìí ọkọ̀ tán, tí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da erùpẹ̀, mo sún mọ́ etí ibẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mo pe orúkọ ẹ̀ kíkan. Gbogbo eyín náà ló bọ́ sínú ihò. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń da erùpẹ̀ bi mí pé, 'Màmá, kí ló bọ́?' Mo ní kò sí nǹkan. Wọ́n da erùpẹ̀ lé e."

Ajíbóyè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀ pátápátá, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì.

"Ẹ forí jì mí, Mà."

"Ẹ dìde. Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ yẹn, èmi àti Ọlọ́run la jọ ni ín." Màmá yọ ìborùn kúrò lẹ́nu. Ẹnu wọn ti wọlé bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn ẹ̀. "Ti àná ló ń tì mí lójú. Mo wò yín tẹ́ ẹ ń tú ẹrù ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, mo mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan, mo dákẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ẹ pe Oyèkànmí wá, kí n sọ ọ́."

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan, Mà."

Ó jáde síta kó tó tẹ fóònù.

"Islamiat, níbo lo wà?"

"Gáréèjì ọkọ̀ Ìṣẹ́yìn, sà. Ó ku èèyàn méjì kí ọkọ̀ kún."

"Má bá a lọ. Mò ń bọ̀."

Nígbà tó dé gáréèjì, agbèrò kan dì í lápá. "Bàbá, Ìṣẹ́yìn ni? Ó ku ẹyọ kan, ẹ wọlé!" Ó ti ọwọ́ agbèrò náà kúrò ní apá rẹ̀. Islamiat jókòó sórí bẹ́ǹṣì, báàgì náà wà lórí itan rẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Dìde. Kò sí májèlé nínú omi yẹn. Èmi ni mò ń fún ẹja yẹn ní ẹran. Mo gbàgbé ni. Ọjọ́ orí ti dé."

Islamiat wo ilẹ̀.

"Dádì, èmi ni mò ń fọ abọ́."

"Kí lo ní lọ́kàn?"

"Abọ́ Màmá máa ń wá láìní eegun, sà. Àgbà wo ló ń jẹ eegun? Ọjọ́ kẹta ni mo ti mọ̀ pé eyín wọn ò sí mọ́. Mo rò pé wọ́n á sọ fún yín fúnra wọn."

"O mọ̀. O jẹ́ kí n lé ọ."

"Kí n wá sọ pé Màmá ò léyín, sà? Níwájú ọmọ wọn ọkùnrin, tí ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Islamiat, o jẹ́ kí n tú báàgì ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ tú u, sà," ló sọ jẹ́jẹ́. "Èmi kọ́."

Ní gbogbo ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tó fi ṣiṣẹ́, Ajíbóyè kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kankan tó mú ní àṣìmú. Ìwé ló máa ń kọ pé wọ́n ti tú onítọ̀hún sílẹ̀.

"Má bínú," ló sọ. Ó tún un sọ kí àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lè gbọ́. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

Ó na ọwọ́ sí báàgì náà. Islamiat dì í mú.

"Rárá, sà. Ẹ má gbé e."

"Èmi ni mo dà á sílẹ̀."

Ó gbé e lé èjìká. Àwọn ọmọ gáréèjì ń wò ó, arúgbó tó gbé báàgì pupa tí ọmọdébìnrin sì ń tẹ̀ lé e lọ́wọ́ òfo. Ẹnì kan pariwo pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o!" Kò wẹ̀yìn.

Oyèkànmí ti dé pẹ̀lú búrẹ́dì. Ajíbóyè dúró láàárín pálọ̀, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: òun ni, òun gbàgbé, Islamiat kò mọ ohunkóhun.

"Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ mú ara ẹ̀!" Oyèkànmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti darúgbó!"

"Mo ti darúgbó. Eyín tún ń dùn mí. Láti òní lọ, kí gbogbo ẹran ilé yìí máa di lílọ̀. Tèmi, ti Màmá, ti gbogbo wa."

Màmá kò gbójú sókè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Díákónì tó jẹun. Ó yọ́ dé ìdí ìgbín, ó rò ó díẹ̀, ó gbé e mì. Màmá ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín sókè, ìborùn sì bọ́ kúrò lẹ́nu wọn.

Islamiat yára yí ojú sí ògiri, ó ń nu ohun tí kò dọ̀tí. Ajíbóyè náà bẹ̀rẹ̀, ó ń wá ohun tí kò bọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí Màmá fi rẹ́rìn-ín tán.